Ẹsẹ̀ Àlejò ní Ilé Ìjọsìn Etí Ọ̀sà

Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú oṣù Òkúdù ọdún 1955. Òjò tó ti ń rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ojú ọ̀run ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò, omi ọ̀sà Bàrígà sì ti kún dé abẹ́ pákó ilé ìjọsìn. Japhet Ikúmápàyí gbé abọ́ omi dání láàárín àwọn ará, ṣùgbọ́n ìta ni etí rẹ̀ wà.

Apẹja Ìlàjẹ ni gbogbo ìjọ náà. Nígbà tí òkun jẹ abúlé wọn ní etíkun Oǹdó, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó ara wọn àti pákó ilé ìjọsìn wọn wá. Wọn kì í búra, wọn kì í gbé ohun ìjà. Kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ Olúwa, wọn a máa wẹ ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé lọ́jọ́ náà, wọn kì í bi í léèrè ohun tó bá wá. Wọn a fún un ní ìjókòó, wọn a wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Onílẹ̀ ti ta etí ọ̀sà tí wọ́n tẹ̀dó sí fún oníṣòwò gẹdú. Bọ́lárìnwá, ọkùnrin àdúgbò Pedro tó máa ń bá onílẹ̀ lé ènìyàn, ti kọ́kọ́ sun ahéré tí Leah, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìjọ, ti ń yan ẹja. Lẹ́yìn náà ló wá kìlọ̀.

"Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ṣé ẹja ni yín ni, tí ẹ ò mọ̀ pé àwọ̀n ti ká yín mọ́? Bí mo bá bá yín níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, iná ni n ó fi kí yín."

Ibo ni wọn ó gbà? Ìjì ń da ọ̀sà rú. Sabina, ìyàwó Japhet, wà nínú oṣù ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Afárá pákó tóóró kan ṣoṣo ló sì so ilé ìjọsìn mọ́ ilẹ̀.

Gìrìgìrì ẹsẹ̀ dún lórí afárá. Orin já lẹ́nu àwọn ará. Bọ́lárìnwá ló wọlé, pẹ̀lú kóòtù kakí lọ́rùn. Ó gbé bàtà rẹ̀ dání nítorí ẹrẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ti garawa kẹrosíìnì lẹ́nu afárá.

"Bí mo bá ti jáde báyìí, wọ́n á sọ iná sí i," ó ní. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kó lúwẹ̀ẹ́."

Bàbá Adéjìmí, aṣáájú ìjọ, wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà. "Ẹ káàárọ̀, àlejò wa. Ẹ jókòó. Japhet, ẹsẹ̀ àlejò."

"Bàbá, ṣé orí yín pé?" Bọ́lárìnwá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Leah ti ti àpótí sí i lẹ́yìn orúnkún, ọkùnrin náà sì ti jókòó kó tó mọ̀.

"Japhet, fi kànìnkànìn ra á dáadáa o," Leah ní. "Ẹrẹ̀ Bàrígà kì í tètè ṣí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lójú ẹsẹ̀.

Japhet kúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí bá wà lọ́wọ́ òun, kò sẹ́ni tó máa sọ iná sí ilé tí ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, láti ìka dé ìka. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbójú sókè wo ibi tí Sabina jókòó sí.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," Bọ́lárìnwá ní.

"Ó ń bà mí, ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ló wà létí ògiri yẹn. Kò lè sáré, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ báyìí."

Bọ́lárìnwá yíjú wo Sabina. Kò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú abọ́.

"Ọ̀gá!" ẹnì kan pariwo láti ìta. "Ṣé ká dà á?"

"Orí mi lẹ fẹ́ dà á lé? Ẹ gbé garawa yẹn padà sí Pedro, ẹ̀yin aláìlóye!"

Sabina bú sẹ́kún. Àwọn ará bẹ̀rẹ̀ sí í ké halelúyà, ṣùgbọ́n Bọ́lárìnwá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Japhet létí.

"Má tíì dúpẹ́. Bí mi ò bá ṣe é, ẹni tó rán mi á rán ẹlòmíràn. Ìyẹn lè wọ bàtà wọlé."

Japhet wo ẹnu ọ̀nà. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó sì fa ẹsẹ̀ kejì sínú abọ́.