Ìfẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní Elekahia

Bọ́ọ̀lù ni Khàdíjàh wá wò ní Elekahia, ní Port Harcourt, lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọkùnrin. Ọdún 2009 ni. Ẹgbẹ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù ló yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní àwọn ti sún eré náà síwájú nítorí òjò tó rọ̀ mọ́jú. Kò sì fẹ́ padà sílé bẹ́ẹ̀. Ló bá yà sí pápá kékeré kan tó wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn ọkùnrin kan ti dúró káàkiri bí ẹni tó ń retí mọ́tò.

Ọ̀kan nínú wọn ju bọ́ọ̀lù kékeré kan. Ẹni tó mú igi dání wò ó títí ó fi kọjá, kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo wọn tún dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?” Khàdíjàh bi ọkùnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítòsí.

“Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ látàárọ̀. Bésíbọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ ó rí i.”

“Kí ni mo fẹ́ rí? Wọ́n kàn dúró ni.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sún fún un. “Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù yẹn ń ro ibi tí òun máa jù ú gbà. Ẹni tó mú igi ń ro ibi tó máa gbà wá. Ọ̀kan nínú wọn ló máa tan èkejì jẹ. Ẹsẹ̀ wọn ló dúró, ọkàn wọn ò dúró rárá.”

Khàdíjàh jókòó, ó sì ń wò. Nǹkan kan ò tún ṣẹlẹ̀.

“Èmi ò lè wo irú eléyìí o,” ló wí. “Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tèmi. Ìyẹn gbóná.”

“Ṣé ẹ máa ń jẹ ìsáwùrú?”

“Ọmọ Port Harcourt ni mí. Ibí ni wọ́n bí mi sí.”

“Ó dáa. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dà bí ìrẹsì tí wọ́n gbé fún ẹni tí ebi ń pa. Ó dùn, kí ẹ sì tó mọ̀, abọ́ ti mọ́. Ìsáwùrú ni tiwa yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń fà á mu. Ẹni tó bá ń kánjú, ìkarahun ni yóò kù sí i lọ́wọ́.”

Ni ẹni tó mú igi bá gbá bọ́ọ̀lù náà, ó ró gbàù, gbogbo pápá sì dìde sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Khàdíjàh fò dìde láìmọ̀. Nígbà tó padà jókòó, ọkùnrin náà ń wo ojú rẹ̀, kò wo pápá. Ojú ti Khàdíjàh díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọbáfẹ́mi ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Iléṣà ni, ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ẹ̀rọ epo ṣe ló gbé e wá sí Port Harcourt. Ó ti gbá bésíbọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́ gíga kí èjìká rẹ̀ tó yẹ̀. Kì í kánjú sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá bi í ní nǹkan, á kọ́kọ́ dákẹ́, á rò ó, kó tó dáhùn. Khàdíjàh, tó ń tajà ní ilé oògùn kan ní Mgbuoba láàárín àwọn oníbàárà tí gbogbo wọn ń pariwo “abeg, quick-quick,” kò tíì bá irú rẹ̀ pàdé rí.

Ó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, kò sí Sátidé tí kì í sí lórí bẹ́ǹṣì náà.

Ohun tó wá rí ni pé eré náà fi àyè sílẹ̀ fún ènìyàn. Nídìí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bí ẹnì kan bá kí ọ, inú ń bí ọ ni, torí o lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù góòlù. Ṣùgbọ́n níbí, láàárín jíjù kan sí òmíràn, ènìyàn lè sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi ti sọ fún un bí ìyá òun ṣe kú. Ibẹ̀ ni Khàdíjàh náà ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àsàmáù.

“Onígbàgbọ́ ló fẹ́,” Khàdíjàh sọ. “Bàbá fọwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú. Àwọn ẹbí ọkọ yí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi padà, wọn ò jẹ́ kó máa wá sílé mọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, wọn ò jẹ́ kó wá sin ín.”

Ọbáfẹ́mi wo pápá títí wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan. “Dìjà,” ló wá wí, “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Èmi náà onígbàgbọ́ ni. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbọ́ ohun tí o sọ.”

Khàdíjàh gbé orí lé èjìká rẹ̀, èyí tí kò yẹ̀ rí.

Àlàájì, bàbá Khàdíjàh, télọ̀ ni. Láti Ìwó ló ti wá sí Port Harcourt nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó gba Ọbáfẹ́mi lálejò dáadáa nígbà tó wá tọrọ Khàdíjàh, ó fún un lómi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin.

“Ìwọ ò ṣẹ̀ mí,” ló sọ. “Ṣùgbọ́n mo ti fi ọmọ kan fún irú ilé yín rí, mi ò rí i mọ́. Mi ò lè fi èkejì tì í.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Màá dúró.”

“Kí lo fẹ́ dúró dè?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Láti ọjọ́ náà ni Ọbáfẹ́mi ti ń wá kí Àlàájì ní ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n jọ ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣàn. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́. Khàdíjàh á gbé oúnjẹ fún wọn, á máa gbọ́ àríyànjiyàn wọn láti ilé ìdáná.

“Wákàtí kan àtààbọ̀, ó parí, kóówá á mọ ibi tó já sí,” Àlàájì á wí. “Tìrẹ yẹn, ìgbà wo ló ń parí?”

“Ìgbà tí wọ́n bá lé ẹni tó kẹ́yìn jáde, sà. Kò sí aago níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì mú igi dání, ẹgbẹ́ tó ti fìdí rẹmi lè padà wá borí.”

“Ṣé àwọn tó ń wò ó ò níṣẹ́ nílé ni?”

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ọkàn Khàdíjàh á kún, á máa rò pé ó kù díẹ̀.

Díẹ̀ náà di ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ Khàdíjàh ń bímọ, àwọn ọmọ náà ń wọ ilé ìwé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kóòtù wá.

“Jẹ́ ká lọ forúkọ sílẹ̀, Fẹ́mi. Bàbá á bínú, inú rẹ̀ á sì rọ̀.”

“Mi ò fẹ́ jí ọ gbé lọ́wọ́ bàbá rẹ, ẹyinjú mi. Àsàmáù ni wọ́n máa rò pé wọ́n tún pàdánù. Jẹ́ ká fara balẹ̀. Wọ́n ti ń gba tèmi.”

“Nígbà náà, tún béèrè lọ́wọ́ wọn.”

“Àkókò ò tíì tó.”

Khàdíjàh wo ojú rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ tó mú un fẹ́ràn ọkùnrin yìí ló tún wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí kòkòrò. “Eré yẹn ni kò ní aago,” ló wí. “Ara obìnrin ní tirẹ̀.”

Ọbáfẹ́mi bẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ kankan.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Múkáílà dé. Ó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní ọjà Oil Mill, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó wá sí ilé oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó sọ pé òun fẹ́ bá bàbá Khàdíjàh sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú sì pé, ó wá. Khàdíjàh sunkún títí, lẹ́yìn náà ló gbà láti fẹ́ ẹ. Ó lọ sọ fún Ọbáfẹ́mi pé kó má wá sílé àwọn mọ́. Ọbáfẹ́mi jókòó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n so yìgì, Khàdíjàh gbé tíì fún bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù.

“Ọmọ Iléṣà yẹn ò wá mọ́,” Àlàájì sọ.

“Mo ní kó má wá mọ́, Bàbá.”

Àlàájì pa tẹlifíṣàn náà nígbà tí eré ṣì ń lọ lọ́wọ́. “Mo ti rò pé yóò tún béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló béèrè. Gbogbo ìgbà tó bá ti wọlé, mo máa ń sọ nínú ara mi pé òní ni. Ọkàn mi ti yọ́ sí i tipẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?” Khàdíjàh béèrè.

“Ṣé bàbá ló máa ń lọ bẹ̀ ọkùnrin kó wá fẹ́ ọmọ òun?” Bàbá arúgbó náà fọwọ́ bojú. “Bí o bá fẹ́, a lè dá ti Múkáílà padà. Ojú á tì mí, ṣùgbọ́n màá ṣe é.”

Khàdíjàh kò dúró mu omi kó tó jáde. Sátidé ni, ó mọ ibi tí yóò ti rí i. Ó bá Ọbáfẹ́mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ti rù. Khàdíjàh sọ gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un lórí ìdúró.

Ọbáfẹ́mi yí ojú sí pápá. Khàdíjàh ń retí pé yóò dìde, pé yóò ní kí wọ́n máa lọ bá bàbá náà báyìí.

“Múkáílà ńkọ́?” Ọbáfẹ́mi wá wí. “Kò ṣẹ̀ wá. Ká má kánjú, Dìjà. Jẹ́ ká rò ó dáadáa títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ọjọ́ Jímọ̀ ni yìgì, Fẹ́mi.”

“Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ pé…”

Khàdíjàh kò bínú. Ìbànújẹ́ tó dé bá a lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ìbínú lọ. Ó ti rí i pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn òun tọkàntọkàn, àti pé ìfẹ́ náà kò ní lè gbé e dìde lórí ìjókòó láéláé. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. “Ó dàbọ̀, olólùfẹ́ mi,” ló wí, ó sì lọ. Ọbáfẹ́mi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò wẹ̀yìn.

Múkáílà fẹ́ ẹ, ó sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Khàdíjàh bí ọmọbìnrin kan fún un, lẹ́yìn náà ó tún bí òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní ilé òun tòrò, kì í sì í ṣe irọ́.

Ó wà nínú ilé oògùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

“Ọbáfẹ́mi wá síbí,” Àlàájì sọ. “Ilé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí Warri, ó wá dágbére. Ó jókòó tì mí títí bọ́ọ̀lù fi parí. Mo ní kó má bínú sí mi. Ó ní òun ò bínú.”

“Ṣé ó ti níyàwó, Bàbá?”

“Rárá.”

Khàdíjàh fi fóònù náà mọ́ etí. Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ ohùn kan tí kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń sunkún.

“Ẹ má sunkún mọ́, Bàbá,” ló ń wí, “ẹ má sunkún mọ́.” Ó dúró ti fóònù náà, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọdé, títí bàbá náà fi dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa rẹ òun náà lẹ́kún.