Ìtì Arère Tó Wọ Bùbá

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Àga náà ṣì wà ní Ìlaròó di òní. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Kó ṣáà má jókòó sí i.

Ìmọ̀ kòkòrò ni Akínlolú ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀. Àwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ fi kòkòrò agbẹ́gi han Túnbọ̀sún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó fi sípírítì fọ abo kan títí òórùn ara rẹ̀ fi kúrò. Ó wá fi sípírítì tó ti gba òórùn náà pa ara ìgò kékeré kan, ó sì tú akọ sílẹ̀. Akọ fi ìwo gígùn orí rẹ̀ kan abo fẹ́rẹ́, ó rìn kọjá bí ẹni kan òkúta. Ó dé ìdí ìgò, ó kàn án. Ló bá gùn ún, ó dì mọ́ ọn.

"Òórùn ara ló fi ń mọ aya," ni Akínlolú wí. "Kò sí ti ojú níbẹ̀."

Túnbọ̀sún bi í pé ṣé ti èèyàn wá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Èmi? Fi sípírítì wẹ̀ mí látòkè délẹ̀, Bámikẹ́ á mọ̀ mí. Ọdún tí a ti jọ wà kì í ṣe ti kòkòrò."

Túnbọ̀sún ní kó dán an wò, kí àwọn rí i.

Ìtì igi arère kan wà lẹ́yìn ilé Akínlolú, tó gbé wá láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ìdógò. Inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò náà ń gbé. Nírọ̀lẹ́, kí Bámikẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ti ọjà dé, ó gbé ìtì náà ka orí àga tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ bùbá tó ti fi làágùn láti àárọ̀, ó wọ̀ ọ́ fún igi, ó dé e ní fìlà. Ó fi sípírítì nu gbogbo ara, ó wọ aṣọ tí kò wọ̀ rí, ó lúgọ sẹ́yìn táǹkì omi.

Iná ti lọ. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Inú igi nìkan ló ń dún. Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́.

Bámikẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, kò gbójú sókè. Akínlolú fọwọ́ di ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bámikẹ́ fọwọ́ kan apá bùbá fẹ́rẹ́.

"Bàbá Mọ́rẹ́, ara yín gbóná o."

Igi dákẹ́. Bámikẹ́ mi orí bí ẹni tó gbọ́ èsì, ó wọlé, ó gbé àtùpà àti omi jáde.

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu Akínlolú. Ó jáde. Ó ní òun rèé, igi ló ń kí.

Bámikẹ́ gbé àtùpà sókè, ó wò ó lójú dáadáa. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Akínlolú rò pé ìyàwó òun náà ń fi òun ṣeré ni. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé àárín àwọn méjèèjì nìkan ló wà. Bámikẹ́ fà sẹ́yìn, ó sún mọ́ àga.

Fóònù dún. Mọ́rẹ́olúwa, ọmọ wọn tó ń kàwé ní Ayétòrò, ló pè. Ọkàn Akínlolú balẹ̀ díẹ̀: ọmọ á mọ ohùn bàbá rẹ̀. Bámikẹ́ ní bàbá rẹ̀ nìyí, ó gbé fóònù sí ọrùn bùbá.

Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà yín."

"Mọ́rẹ́, èmi nìyí," ni Akínlolú wí.

Ẹ̀rín náà dá. "Màmá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín yẹn?"

"Àlejò ni."

Bámikẹ́ pa fóònù. Kò bínú. Ó bu omi fún Akínlolú nínú ife tí wọ́n ń fi bumi fún àlejò, ó sì rán an létí pé àlejò kì í nàró lórí onílé.

"Ẹ kí baálé ilé ná, sà."

Akínlolú wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ohun kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwo kòkòrò yọ láti ọrùn bùbá. Ó kàn án lórí fẹ́rẹ́. Ó dúró díẹ̀. Ó sì fà sẹ́yìn, bí ẹni kan òkúta.