Aago Adelé

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín ò ṣeé dán wò."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà bá mi sọ nìyẹn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ ètò orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wá àléébù wọn. Èyí tí mo kọ yìí ń rán àwọn aláìsàn létí oògùn wọn ní aago mẹ́fà àárọ̀.

"Kí ló ṣe é?" Inú ti ń bí mi.

"Ẹ so aago mọ́ ọn nínú. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ wo aago kọ̀ǹpútà. Ṣé kí n wá jókòó tì í di aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la ni? Ẹ jẹ́ ká máa gbé aago lé e lọ́wọ́ láti ìta. Tí mo bá fẹ́ dán an wò, màá fún un ní aago adelé, tí yóò sọ pé mẹ́fà ti lù. Tó bá wá di ti aláìsàn, ẹ gbé aago gidi fún un."

Òótọ́ ló sọ, síbẹ̀ mo bá a jiyàn títí gbogbo ọ́fíìsì fi ń fi wá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo tún un kọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó máa fi di ọdún kan, "ẹ̀gbọ́n" ti di "olólùfẹ́ mi". Ìyá rẹ̀ nìkan ni ò gbà. Ọkùnrin kan ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà kí ọkùnrin náà tó rìnrìn àjò. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò pè, kò kọ̀wé.

"Mo ti ṣèlérí fún àwọn ẹbí ọkùnrin yẹn," màmá ní. "Èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì."

Àfi bí ọkùnrin náà ṣe pe màmá lọ́jọ́ Sátidé kan pé òun ń bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá olólùfẹ́ mi nídìí iṣẹ́ rẹ̀. "Mo ti mọ àyè mi. Adelé ni mí, onílé ti ń bọ̀." N ò ní purọ́, omi bọ́ lójú mi.

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Adelé tí mo bá ṣe, ohun tí mo bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ. Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, ọjọ́ wo lo gbà fún mi láìjiyàn? Jẹ́ ká lọ, olóríkunkun mi."

Ilé màmá la gbà lọ tààrà. Níṣojú èmi àti màmá ló ti pe ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú sí mi o. Mo dúró títí, ẹ ò dé. Mo ti rí ọkọ mi."

Màmá wò mí látòkè délẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi," ó ní, "ta ló ní kó o máa dúró? Jókòó."