Hàfísátù àti Ràkúnmí Tó Ń Dúró Lójú Ọ̀nà

Hàfísátù jí ní Sátidé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.
Òun àti Àlàmínì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́ fi ràkúnmí sáré ìje nínú kọ̀ǹpútà ilé wọn ní àdúgbò Talladjé.

Hàfísátù ò tíì borí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.
Lọ́la, Àlàmínì ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, yóò máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Òní nìkan ló kù.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti múra?"
"Ó ti pẹ́. Ìwọ ni kí o lọ múra ẹkún."

Àwọn ràkúnmí gbéra. Gbìrì, gbìrì, gbìrì.
Gbì... Wọ́n dúró.
Gbì... Wọ́n tún dúró.

"Ooru ló mú un," ni Hàfísátù wí.
Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ kọ̀ǹpútà. Fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́.
Gbì... Wọ́n dúró.

"Eruku ni," ni Àlàmínì wí.
Ó nù ún, ó nù ún, ó nù ún.
Gbì... Wọ́n dúró.

Ọjọ́ ń lọ o!

Àlàmínì ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń sọ ohun tó ń ṣe.
"Wò ó, ìrántí rẹ̀ ti kún dẹ́nu. Ibẹ̀ ló ń tẹ́ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Kò ráyè tẹ́ ràkúnmí."
"Kí ló wá kún un?"

Wọ́n wò ó. Àwòrán àǹkárá. Àwòrán léèsì. Àwòrán àǹkárá. Àwòrán léèsì.
Ogójì àwòrán aṣọ, gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀.

Màmá yọjú láti iwájú ilé, níbi tó ti ń ta aṣọ.
"Èmi ni mo ṣí wọn fún àwọn oníbàárà mi. Ta ní ń ká aṣọ nígbà tí oníbàárà ṣì ń bọ̀? Ẹ má pa àwòrán mi rẹ́ o."

Hàfísátù wo ẹní Màmá. Aṣọ kún un, èèyàn ò rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí.
Ó ká àǹkárá kan, ó tì í sínú àpótí.

"Màmá, ṣé aṣọ yìí ti sọnù?"
"Báwo ló ṣe máa sọnù? Ṣebí inú àpótí ló wà."
"Àwòrán yín náà nìyẹn. Tí a bá pa á dé, a kàn ká a ni."

"Pa ẹyọ kan dé kí n rí i," ni Màmá wí.
Kì. Àwòrán lọ.
Kì. Hàfísátù tún un ṣí. Aṣọ náà rèé, mìnìjọ̀.
Màmá rẹ́rìn-ín. "Ó yá, ẹ ká wọn."

Kì. Kì. Kì. Kì. Ààyè là.

Gbìrì, gbìrì, gbìrì, gbìrì! Wọn ò dúró mọ́.
Àlàmínì wà níwájú. Hàfísátù ń lé e. Ó ń lé e. Ó ń lé e bọ̀.
Ràkúnmí Hàfísátù na ọrùn gbọọrọ, ó ré ìlà kọjá.

Ó borí.

Àlàmínì gbé àbúrò rẹ̀ sókè.
Hàfísátù dì mọ́ ọn lọ́rùn pinpin.
"Bọ̀dá, ẹ tètè padà wá o," ó wí, "kí n tún lè nà yín."