Bí Ti Àná

Òrùka ìpẹtà ni ó kọ́kọ́ rí. Ó yí po lábẹ́ àpò ẹ̀jẹ̀ kan nínú fíríìjì, ó pọ́n rúsúrúsú, bí ìgbà tí ènìyàn gbé agolo tútù kalẹ̀ tí ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n ike ni àpò náà, ike ni pẹpẹ tí ó wà lórí rẹ̀. Kò sí irin níbẹ̀ rárá. Kí ló wá dípẹtà?

Ìyá Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe obìnrin náà, nítorí òun ló ń ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, kí ó gbé àpò kọ̀ọ̀kan, kí ó na ìwé funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí ó wo omi tó tòrò sókè. Bí omi náà bá ṣì rí bí oyin, ẹ̀jẹ̀ ṣì dára. Bí ó bá ti ń pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti ń kú, kí ó dà á nù. Kí ó wá kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ọjọ́ márùndínlógójì péré ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé níta ara ènìyàn.

Ó ka nọ́ńbà ara àpò. Ti àbúrò rẹ̀ ni. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ọkùnrin náà tó padà sórí òkun, àpò wọn sì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lórí pẹpẹ, bí àwọn fúnra wọn ti ń sùn lórí ẹní kan nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Ó nu òrùka náà kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀, ó sì ti nípọn sí i. Ó tẹ imú sí i. Òórùn omi òkun ló gbọ́.

Àbúrò náà, iṣẹ́ ojú lòun náà ń ṣe. Lórí ibùdó tí wọ́n ti ń fa epo láti ìsàlẹ̀ òkun, òun ló ń fi ẹ̀rọ wọn ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tí gbogbo ibùdó dúró lé, kí wọ́n lè mọ ibi tí iyọ̀ jẹ ẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́, irọ́ ti ṣe tirẹ̀ tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Ìyá Ẹ̀jẹ̀ ti gbé àpò kan sókè wò kẹ́yìn. Á ṣí ilẹ̀kùn, á wò ó fìrí, á kọ “bí ti àná” láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀, á ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ sì sọ fún un lórí fóònù, níbẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́ta náà, pé okùn tí àwọn fi ń sọ̀ kalẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ kẹrin ti gbó, pé ọ̀gá kò sì fẹ́ gbọ́, ẹ̀rín ló fi rín.

“Kọ ‘bí ti àná,’ jàre. Kí lo rò pé èmi ń kọ? Ṣé irin máa sá lọ ni?”

Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, omi orí ẹ̀jẹ̀ náà ti di àwọ̀ ìpẹtà; síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ “bí ti àná” sínú ìwé kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ìyá Ẹ̀jẹ̀ gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan?”

“Báwo ni ẹsẹ̀ kẹrin?”

“Ẹsẹ̀ tèmi ni, àbí ti ibùdó? Tèmi ń ro mí o.”

“Mi ò bá ọ ṣeré. Sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ̀n ọ́. Lónìí.”

“Àlá lẹ lá?”

“Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i.”

Nírọ̀lẹ́ ló pè padà. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nílé òkú.

“Mi ò lo ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi. Èékánná ni mo fi kàn án. Ó wọlé.”

“O sọ fún ọ̀gá?”

“Ó ṣí ìwé fún mi. Ọdún mẹ́ta, bí ti àná, bí ti àná, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ó ní èwo ni kóun gbà nínú méjèèjì, ìwé àbí ẹnu mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ máa wá gbé wa.”

“Máa bọ̀ báyìí!”

“Kí n gba ibo? Omi ló yí wa ká.”

Ọ̀nà kan ló kù. Bí dókítà bá kọ̀wé pé ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ní àrùn, dandan ni kí wọ́n tètè gbé e wálé. Ní kùtùkùtù, Ìyá Ẹ̀jẹ̀ gbé àpò náà lọ bá dókítà, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ìwé ni dókítà béèrè. Ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ wálẹ̀.

“Ìyá Ẹ̀jẹ̀, àná, ẹ ní kò yí padà. Ìjẹta, ẹ ní kò yí padà. Ta ni kí n gbà gbọ́, ẹ̀yin tòní àbí ẹ̀yin àná?”

“Ẹ wo àpò, dókítà. Ẹ ṣáà wò ó.”

“Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wò ó ti wò ó,” ló wí, ó sì pa ìwé dé. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìwà wọn nìyẹn! Ìwé ni wọ́n ń tọ́jú, wọn kò tọ́jú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ìwé ọ̀hún?

Ó gbé àpò náà padà. Ó fẹ́ tì í sí àyè rẹ̀ nígbà tí ó di tútù lọ́wọ́ rẹ̀, tútù ju yìnyín lọ, tí ó sì wúwo lójijì. Ó na ìwé funfun sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi ni, ó mọ́ gaara, eruku ìpẹtà ń rọra rì lọ sísàlẹ̀. Kò sí ibi tí àpò náà gbé lu.

Rédíò sọ ọ́ lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ́, mẹ́ta tó kù sì tẹ̀lé e. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá síbi iṣẹ́. Níbo ni ì bá tún lọ? Ó ṣí fíríìjì, ó sì ń gbé àwọn àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bí ó ti yẹ kí ó ti máa wò wọ́n láti ọdún mẹ́ta. Ó kan àpò tirẹ̀. Ó gbé e sókè.

Òrùka kan wà lábẹ́ rẹ̀, tín-ín-rín bí òwú.

Ó dúró pẹ́ níwájú ilẹ̀kùn tó ṣí náà, òtútù ń fẹ́ sí i lójú. Ta ni yóò lọ sọ fún? Ìwé wo ni yóò fi hàn wọ́n? Ó mú bírò, ó wá ìlà tirẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí, òótọ́ àkọ́kọ́ tó wọ inú ìwé náà láti ọjọ́ pípẹ́:

“Ó ti bẹ̀rẹ̀.”