Ọta Tó Ṣe Rẹ́gí

Òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, etí omi ló ń dúró sí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ohun tá a mọ̀ ọ́n ṣe pa wá.

Àárọ̀ ìjẹta ni wọ́n bá ọkùnrin kan nílẹ̀ gbalaja nínú ọgbà rẹ̀, ọta láyà rẹ̀, ìbọn àtijọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ti ẹ̀gbọ́n náà, baba arúgbó, mọ́lé. Ọ̀sán òní ni wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ara ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé kò balẹ̀. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ìbọn.

“Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ ti fẹ́ lu ilẹ̀ mi já.”

Ẹsẹ̀-ò-gbélé gbé ìbọn baba sórí tábìlì. “O ti fọwọ́ kan ìbọn yìí rí?”

“Èmi kẹ̀? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Baba ni kẹ́ ẹ bi.”

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ṣí ìdí ìbọn náà, ó ju ọta kan sẹ́nu rẹ̀. Ọta gba inú rẹ̀ kọjá wọ̀ọ̀, ó bọ́ sórí tábìlì.

“Ọta tí baba ń rọ nìyẹn. Ìbọn ti gbó, ihò rẹ̀ ti fẹ̀, baba ò mọ̀. Tó bá yìn ín tí ọta tàsé, á ní atẹ́gùn ni.”

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé mú ọta mìíràn jáde. “Èyí ni wọ́n yọ láyà olóògbé. Ilà tí wọ́n fín sínú ìbọn hàn lára rẹ̀ díẹ̀, ó fara kan inú rẹ̀. Ẹni tó rọ ọ́ gbìyànjú, àmọ́ iṣẹ́ jákujàku ni. Ó kéré.”

“Kéré ibo? Ó ṣe rẹ́gí! Òjé rírọ̀ ni mo kọ́kọ́ tì gba inú ẹ̀ láti fi wọn ihò ẹ̀ kí n tó rọ...”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Apànìyàn mìíràn ì bá mú ọta baba lò,” ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé wí jẹ́jẹ́. “Ọwọ́ tìẹ ò lè ṣiṣẹ́ tí kò dọ́gba. Kí ni olóògbé ṣe fún ọ?”

Alágbẹ̀dẹ jókòó. “Ó ní òun á fẹjọ́ mi sùn pé mò ń tún ìbọn ṣe fáwọn adigunjalè.”

Ọ̀sán kò tíì pé tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. Baba kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó di ọwọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mú.

“Ọmọ mi, wọn ò tíì jẹ́ kí n rí àbúrò mi. Mú mi lọ síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí.”