Kadek Wo Lẹ Ń Pè?

"Kadek!"

Bí obìnrin ará Hòláńdì náà ti figbe bọnu ní ẹnu àdúgbò, orí bíi méje ló yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan yọ lójú fèrèsé, ọ̀kan yọ lẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀, mẹkáníìkì yọ lábẹ́ alùpùpù tòun ti sípánà lọ́wọ́. Ní Ubud, ìlú kan ní erékùṣù Bali, ọmọ kejì ni wọ́n ń pè ní Kadek, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ bí Táíwò ti pọ̀ ní Igbó-Ọrà. Wọ́n rí i pé òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, oníkálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku àwọn ọmọbìnrin méjì, Komang àti ìbátan rẹ̀, Kadek Sriasih.

"Màmá, Kadek wo lẹ ń pè?" ni Komang bi í.

Ojú obìnrin náà ti pọ́n bí ata. "Kadek ọ̀rẹ́ ọkọ mi, Ruud. Wọ́n jọ gbin igi kan níbí. Kò sọ fún mi bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àgbà tàbí ọmọdé. Ruud ti kú. Igi náà ni mo wá wò."

Komang fi ìgúnpá gún Sriasih. "Ìwọ náà kúkú ń jẹ́ Kadek. Mo ti mú àlejò rìn títí ó fi sú mi. Ìwọ ńkọ́? Ewé lo mọ̀ ọ́n hun! Ahọ́n rẹ ò lè gbé òyìnbó."

Ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Kó tó rò ó, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Èmi ni Kadek yẹn."

Hanneke, opó Ruud, dì mọ́ ọn bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù.

Irọ́ kì í dá rìn. Bí wọ́n ti ń tọ ebè oko ìrẹsì, tí pẹ́pẹ́yẹ ń tò kọjá níwájú wọn, Hanneke ń bèèrè, Sriasih ń hun èsì.

"Kí ni Ruud fẹ́ràn láti máa jẹ?"

"Ata ni, Màmá!"

"Ruud? Ata tó máa ń pa á lẹ́kún!"

"Ó ń sunkún, ó ń jẹ ẹ́ ni, Màmá."

Hanneke rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ruud mi nìyẹn!" Sriasih fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á nínú jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Hanneke ní kó fi igi náà han òun. Sriasih nawọ́ sí igi olódòdó funfun kan létí oko wọn. Obìnrin náà yọ fìlà ọkọ rẹ̀ nínú àpò, ó fi kọ́ ẹ̀ka, ó gbá igi náà mọ́ra, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Sriasih yí padà, ó sáré lọ sílé.

Nígbà tó délé, Ìyá Àgbà ń hun ewé tí wọn yóò to òdòdó ìrúbọ sí. Sriasih jókòó tì í.

"O ti fa ewé mẹ́ta ya. Ta lo jà lólè?"

Ó jẹ́wọ́.

"Ẹn-ẹ́n! Igi tí mo fọwọ́ ara mi gbìn lo fi ta òyìnbó lọ́rẹ! Bó bá jẹ́ owó lo jí, à bá dá a padà. Ẹkún opó lo jí yìí, báwo lo ṣe fẹ́ dá a padà?"

"Ojú ń tì mí láti lọ, Ìyá Àgbà."

"Kó máa tì ọ́ lọ lọ́nà. Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

Láàárọ̀, Sriasih kúnlẹ̀ níwájú Hanneke. "Màmá, Kadek ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni Kadek yín. Irọ́ ni mo pa. Ti ata yẹn náà, irọ́ ni."

Hanneke dìde. Ó lọ ká fìlà ọkọ rẹ̀ kúrò lórí igi, ó wọ yàrá tó dé sí nílé wọn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àlejò kan ṣoṣo," ni Komang wí, "o ti lé e lọ!"

Sriasih bọ́ síta. Ó ń ti ilé Kadek kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bèèrè Ruud, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Kadek mẹkáníìkì.

"Ruud? Òyìnbó tó gun alùpùpù mi wọ odò pẹ́pẹ́yẹ? Ibo ló wà?"

"Ó ti kú, Bọ̀ọ̀dá."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tí epo alùpùpù ti rin.

Sriasih sáré lọ kan ilẹ̀kùn Hanneke. "Màmá, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ wá ná."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni igi náà wà: máńgòrò ńlá tí wọ́n fi táyà àlòkù kọ́ káàkiri. Hanneke wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi fìlà náà kọ́ sáàárín àwọn táyà.

"Máńgòrò dúdú la jọ máa ń jẹ," ni mẹkáníìkì wí. "Pẹ̀lú ata! Á máa sunkún, á máa jẹ ẹ́."

Hanneke yíjú sí Sriasih. Ọmọ náà wolẹ̀. Irọ́ tó bá òtítọ́ pàdé lọ́nà, irọ́ náà ni.

"Kadek ti pọ̀ jù níbí," ni obìnrin náà wí. "Orúkọ wo ló jẹ́ tìrẹ nìkan?"

"Sriasih, Màmá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hanneke dúró ní ẹnu àdúgbò, ó ké: "Sriasih!"

Orí kan ṣoṣo ló yọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìpè tí kì í ṣe tiyín, ẹ má jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì jẹ́ ẹ, ẹ tètè fi ẹnu ara yín tú u. Ojú á tì yín o, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa ni tó irọ́.